Ọ̀gá Alẹ̀mọ́, Ìwọ Ló Kàn

Ìbà ẹ̀yin ìyá wa, kí òru ó tó jinlẹ̀! UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2008, kò sì síbi tí wọ́n ti ní Ẹ̀fẹ̀, orin yẹ̀yẹ́ alẹ́ rẹ̀, ò gbọdọ̀ kan ẹni tó ń kọ kóòdù. Ní Kétu lálẹ́ yìí, kí olè adìẹ àti ìjòyè ọ̀kánjúà lọ sinmi ná. Ọ̀gá Alẹ̀mọ́ ló kàn.

Ọ̀gá ti Kútọnu dé, kọ̀ǹpútà lábíyá, ó ní Java lòun ń kọ. Wọ́n ní kó to orúkọ 1,000 ọmọ ẹgbẹ́ jọ, ìlà kan fún ẹnì kan. Ó gbá àmì + mú, ó ń lẹ ìlà mọ́ ìlà. Bẹ́ẹ̀ Java kì í ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ tó bá ti kọ sílẹ̀: á ṣe àdàkọ gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ síbòmíràn kó tó fi tuntun kún un. Bí ìlà kan bá jẹ́ lẹ́tà 50, gbogbo rẹ̀ kò ju lẹ́tà 50,000 lọ. Ọ̀gá mú kí ẹ̀rọ kọ 25,025,000! Bíríkìlà tó fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé ògiri, tó kọ́kọ́ lọ mọ ògiri náà látìpìlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ta ni yóò sanwó fún un? StringBuilder tó yẹ kó fi ṣe iṣẹ́ yìí ti wà láti 2004. Ká ní ènìyàn ni, à bá ti máa bi í pé ìyàwó dà.

A sọ fún un pé láti 2020 ni Java 15 ti gba àmì àyọlò mẹ́ta-mẹ́ta: ṣí i, kọ ìlà rẹ bó o ṣe fẹ́ kó rí, pa á dé. Inú Ọ̀gá dùn. Ó kó àwọn \n tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun dànù, ojú kóòdù mọ́ tónítóní, ló bá ń yan.

Ni Màmá d'Almeida bá ti Àjàṣẹ́ dé, orúkọ Àgùdà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Benin. Ọ̀gá ki orúkọ náà bọ àárín àṣẹ SQL tó fẹ́ fi kọ ọ́ sínú database. Àmì kékeré ẹ̀yìn d ni database kà sí òpin ọ̀rọ̀. Ó wá rí Almeida, kò mọ irú àṣẹ tó jẹ́, ó fàáké kọ́rí. Ẹ gbọ́ ohun tí Ọ̀gá wí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè máa jẹ́ Dalmeida?"

Màmá ò ní ibi kankan lọ́kàn, ilé sì dàrú. Ọlọ́ṣà tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ DROP TABLE, àṣẹ ìparẹ́, sẹ́yìn àmì yẹn ńkọ́? Ẹwà àmì mẹ́ta ò lè dá a dúró. Àmì ? ni kó o fi sí àyè orúkọ, kí PreparedStatement gbé orúkọ wọlé lọ́tọ̀, kí database mọ̀ pé orúkọ ni, kì í ṣe àṣẹ.

Yára o, Ọ̀gá. Màmá ti lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje wá, d'Almeida sì ni gbogbo wọn.