Kọ́múréèdì Tí Kò Mọ Yúnìítì Rẹ̀

Kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní Kọ́múréèdì tirẹ̀. Ìbàdàn ní wọn lọ́pọ̀ yanturu, ti Èkó kò tiẹ̀ ṣeé kà, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ náà ò sì kẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí i rí. Fìlà bẹ́rẹ́ẹ̀tì ló máa ń dé, kódà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Báàjì àsíá Nàìjíríà wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Fóònù méjì ló mú dání, ọ̀kan ń dún, ìkejì ń ká ohùn òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju iye ọmọ ẹgbẹ́ lọ: ìyàwó rẹ̀ ni akápò, àbúrò rẹ̀ ni akọ̀wé, àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Kí agogo méje àárọ̀ tó lù, ó ti jókòó sí ilé-iṣẹ́ rédíò, ó ń kìlọ̀ fún ará ìlú pé ìjọba àwa-ara-wa wà nínú ewu. Lọ́sàn-án, ó ti dé iwájú Sẹkitéríàtì pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí. Alẹ́ ni ti tẹlifíṣọ̀n. Bí ọjọ́ 12 oṣù kẹfà bá sì pé, tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2018 pé kó jẹ́ Àyájọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa, ẹ ó máa gbọ́ orúkọ MKO Abíọ́lá lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé agboolé kan náà ni wọ́n jọ ti dàgbà. Gbogbo èyí kò burú. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó wà lára káàdì ìdìbò tirẹ̀.

Nọ́ńbà ọ̀hún wà lára káàdì ìdìbò alálòpẹ́ gbogbo wa, ó sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti wọ́ọ̀dù, ti yúnìítì ìdìbò. Kọ́múréèdì mọ ti ìpínlẹ̀ dáadáa, nítorí Gómìnà ló máa ń bá wí. Ó gbọ́ nípa ti ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá di wọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ á máa ṣú. Ní ti yúnìítì, awakọ̀ rẹ̀ ló mọ ibẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí yìí gan-an ni ẹ̀tọ́ ìdìbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Yúnìítì 176,846 ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní káàkiri Nàìjíríà, wọ́ọ̀dù sì jẹ́ 8,809. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìbò. Bí wọ́n bá kà á tán, òṣìṣẹ́ INEC á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú á fọwọ́ sí i, wọ́n á gba ẹ̀dà tiwọn, ọlọ́pàá náà á gba ẹ̀dà kan, wọ́n á sì lẹ èsì mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Láti ibẹ̀ ó di wọ́ọ̀dù, ó di ìjọba ìbílẹ̀, ó di ìpínlẹ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń ka nọ́ńbà sókè, ẹlòmíì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbò tí wọ́n fi ìbọn jí lọ́sàn-án, gbogbo wa la máa ń wò ó nínú fídíò. Èyí tí wọ́n jí lágogo méjì òru, nígbà tí 61 di 610 níbi tí wọ́n ti ń kó èsì wọ́ọ̀dù jọ, kò ní fídíò. Ẹni tó lè já a ni ẹni tó mú ẹ̀dà EC8A dání, tí oorun ń kùn, tí ẹ̀fọn ń jẹ, tí kò sì dìde níbẹ̀. Ní wákàtí yẹn, Kọ́múréèdì wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣàlàyé ohun tó ń lọ níbi tí wọ́n ti ń kó èsì jọ.

Ẹ rántí Ọ̀ṣun ní 2018. Nígbà tí wọ́n ka ìbò gómìnà ti ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án tán, Adémọ́lá Adélékè ti PDP fi ìbò 353 ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC. INEC ní ìdìbò náà kò tíì parí, nítorí pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní yúnìítì méje tí ìbò wọn kò yọrí ju 353 lọ fíìfíì. Wọ́n padà síbẹ̀ ní ọjọ́ 27. Àwọn alámòójútó láti ilé àti láti òkè òkun ròyìn pé wọ́n dí olùdìbò àti oníròyìn lọ́nà ní àwọn kan nínú yúnìítì wọ̀nyí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Oyètọ́lá ti fi ìbò 482 borí. Yúnìítì méje péré ló pinnu ẹni tó ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́rin. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí gbogbo rédíò Ọ̀ṣun lọ́sẹ̀ yẹn kò lè fi ìbò kan ṣoṣo kún ti Òròlú tàbí ti Gúúsù Ifẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ yúnìítì rẹ̀ dájú, ẹ lọ wo ẹni tó ń ra ìbò. Gbólóhùn tó gbòde ní Èkìtì lọ́dún 2018 kan náà, “dìbò kóo sebẹ̀,” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń pín owó yẹn mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mọ ìyá tí kò rówó oògùn rà, ó mọ ọmọ tí wọ́n lé kúrò níléèwé nítorí owó. Ó ti wá sí gbogbo ìpàdé wọ́ọ̀dù láti ọdún mẹ́ta. Bí ó bá di ọjọ́ ìdìbò, ó mọ ẹni tó yẹ kó ti dé àti ẹni tí kò tíì dé, á sì rán ọ̀kadà lọ gbé onítọ̀hún. Iṣẹ́ tí Kọ́múréèdì ń polówó lórí rédíò gan-an ni ọkùnrin yìí ń ṣe, àfi pé ọ̀gá mìíràn ló ń ṣe é fún. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí wọ́n bá ní àìmọ̀kan àwọn mẹ̀kúnnù ló ń ba ìdìbò wa jẹ́. Olè ti kọ́lé sí ẹsẹ̀ kùkú; ẹni tó ní òun ń ṣọ́ ìlú ń gbé ní sítúdíò.

Ibi tí ẹsẹ̀ kùkú ti Kọ́múréèdì wà ni òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn àjọ láti òkè òkun fẹ́ kí wọ́n la àwọn ará wọ́ọ̀dù lọ́yẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn, owó sì dé. Kọ́múréèdì á gba gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, á tẹ bánà ńlá, á pe àwọn ààrẹ ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀, wọ́n á sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyálọ́jà tí kò sí níbẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù á dé, adìyẹ á tẹ̀lé e, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé owó ọkọ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀, á wọ jákẹ́ẹ̀tì alámòójútó, á wọ mọ́tò, á yí yúnìítì mélòó kan po, á ya fọ́tò ìyá arúgbó tó tẹ̀ka. Lágogo mẹ́rin, nígbà tí wọn ò tíì ka ìbò tán, ìròyìn rẹ̀ á jáde. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yí padà: ìdìbò lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, àfi ní àwọn ibi tí kò ti lọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó sì yẹ kó pariwo jù lọ ni ẹ kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló súnmọ́ ilé wa jù, àjọ tí gómìnà yàn ló sì ń ṣètò ìdìbò rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2024, PDP tó ń ṣèjọba ní Ọ̀yọ́ gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní oṣù keje 2025, APC tó ń ṣèjọba ní Èkó gba gbogbo ipò alága 57. Ẹgbẹ́ méjì tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, èsì kan náà. Bí gbogbo ará ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan tó báyìí, ó yẹ kí á máa gbọ́ orin ìyìn lọ́jà. Kọ́múréèdì kò rí àyè lọ síbẹ̀. Ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ló ń tú palẹ̀ fún wa.

Àwọn kan á ní mo ń fi ariwo wọ́lẹ̀, pé ariwo ló lé àwọn ológun lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá ìwọ́de Èkó lọ ní oṣù keje 1993, wọ́n sì yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó MKO Abíọ́lá, ní 1996. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ariwo yẹn dúró lé. Ní gbangba ni wọ́n ti ka ìbò ààrẹ ti June 12, 1993 ní yúnìítì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kéde rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn tó dì í. Ìjọba ológun Babangida ní kí àjọ elétò ìdìbò tí Humphrey Nwosu ń darí má kéde èsì mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ti ìpínlẹ̀ 14 àti Àbújá jáde. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, kí wọ́n tó fagi lé ìdìbò ní ọjọ́ 23, ẹgbẹ́ Campaign for Democracy tí Beko Ransome-Kuti ń darí gbé gbogbo èsì síta fáráyé. Wọ́n ní nọ́ńbà lọ́wọ́ kí wọ́n tó la ẹnu. Ilé tí Beko ti jáde pàápàá, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá rẹ̀, kọ́ àwọn ìyálọ́jà Abẹ́òkúta ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kí wọ́n tó jọ kọ̀ láti san owó orí. Ọdún gorí ọdún ni wọ́n fi ṣèpàdé. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ariwo wà níbẹ̀ o, orin èébú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń kọ ọ́ ní ọjà tó ti wá àti àwọn tó lè pè jáde.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n á ní kí ni èrè ìjókòó ní yúnìítì, nígbà tí INEC fúnra rẹ̀ kùnà láti gbé èsì ìbò ààrẹ sórí IReV, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tó fi ń han èsì fáráyé, lọ́jọ́ 25 oṣù kejì 2023, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí ìjáwé olúborí ẹni tí INEC kéde ní oṣù kẹwàá? Mi ò ní gbèjà INEC. Ìlérí tó ṣe léraléra, kò mú un ṣẹ, ìjákulẹ̀ yẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí ènìyàn jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹ tún padà wo Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn ìdìbò 2022, Oyètọ́lá ní ìbò ju iye ènìyàn tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, yẹ̀ wò lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúnìítì, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ sì gbà á gbọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ ìgbìmọ̀ náà nù. Ní oṣù karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí i pé Adélékè ló wọlé, nítorí pé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà INEC kò tó ẹ̀rí láìsí ìwé orúkọ olùdìbò àti ẹ̀rọ BVAS fúnra wọn. Ohun tó ti yúnìítì wá ni adájọ́ ń béèrè. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì já wa kulẹ̀, ẹ̀dà EC8A tó wà lọ́wọ́ aṣojú nìkan ló kù. Àìnígbàgbọ́ nínú INEC yẹ kó sọ ẹ̀dà náà di ọ̀wọ́n lójú wa ni.

Àtakò tó ṣẹ́ kù ni ti ewu àti ti ikùn. Ewu wà lóòótọ́: lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà, 18 oṣù kẹta 2023, àwọn jàǹdùkú lé olùdìbò kúrò ní àwọn yúnìítì kan l'Ékòó, n kò sì ní bá ẹni tó sá wí. Ewu yẹn máa ń dín kù níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà ni pé àwọn tó gba káàdì lé ní mílíọ̀nù 87, àwọn tó jáde dìbò ààrẹ kò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Àìrí náírà gbà ní báńkì kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ nígbà yẹn, òótọ́ ni. Síbẹ̀ Kọ́múréèdì ti fi ọdún gbáko pariwo pé ká lọ gba káàdì, a sì gbà á. Kò sí ẹni tó wá kan ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ ìdìbò. Ní ti ikùn, ẹnikẹ́ni kò ní kó má jẹun. Mo kàn ń kíyè sí i pé lẹ́yìn ìdìbò, orúkọ rẹ̀ máa ń jáde nínú àwọn Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì fún Gómìnà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, pé á bọ́ bẹ́rẹ́ẹ̀tì, á dé fìlà aṣọ òfì, tí á sì padà sórí rédíò kan náà láti ṣàlàyé pé gbígbà tí ẹgbẹ́ kan gba gbogbo ipò alága fi hàn pé inú ará ìlú ń dùn.

Bí ó bá wá sí àdúgbò yín kí ìdìbò 2027 tó dé, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi. Lẹ́yìn náà kí ẹ yan iṣẹ́ fún un: yúnìítì kan, bírò kan, ẹ̀dà EC8A kan, àti ìjókòó títí tí wọ́n á fi ka nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ní wọ́ọ̀dù. Bó bá ní tẹlifíṣọ̀n ń retí òun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ wá ẹlòmíì.