Èmi Kì Í Bínú

Ẹ ò lè jókòó ti Ọ̀gbẹ́ni Onísùúrù pẹ́ kó má sọ fún yín pé òun kì í bínú. Póókà ló ń ta lórí fóònù lóru. Irú rẹ̀ ò wọ́n: wọ́n wà ní Las Vegas, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mọ ọ̀kan ní Sùúrùlérè. Lọ́jọ́ tó bá ń jẹ, ìwàásù ni ṣáá. Á ní ìbínú ò da nǹkan. Á wá gbé ìtàn Chris Moneymaker kalẹ̀, olùṣirò owó ará Tennessee tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sí ìdíje àgbà World Series of Poker ní 2003, tó sì kó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lọ. "Sùúrù ló fi gbà á," ni yóò wí. N kò mọ ibi tí òun àti Moneymaker ti pàdé.

Ó mọ ìṣirò, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí éèsì méjì bá kojú kíǹgì méjì, nínú ìgbà márùn-ún, éèsì á jẹ tó mẹ́rin. Òun ló kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù yẹn ni wàhálà: lójú tiẹ̀, orí ẹlòmíì ló yẹ kó máa já lé.

Ẹ wá wò ó nígbà tí kíǹgì kẹta bá yọ. Kò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á yọ awò ojú, á nù ún, á tún un wọ̀, bóyá ìdọ̀tí ló ya kíǹgì. Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò méjèèjì á dórí fóònù: èébú ló ń kọ sí ẹni tó jẹ ẹ́, ará Bùràsíìlì tí kò gbọ́ Yorùbá. "Dìndìnrìn! Ta ló kọ́ ẹ ní káàdì?"

"Bàbá Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, ọmọ ń sùn."

"Mo ti rọra! Ta ló ń bínú níbí?"

Bísí ti jí.

Ibi tí owó ń gbà lọ nìyẹn. Nídìí tábìlì gidi, wọ́n ṣì máa po káàdì kí wọ́n tó pín in. Bí ìgbà 30 ni wọ́n ń pín in ní wákàtí kan. Lórí fóònù, ó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ọ̀gá wa sì ti ṣí tábìlì mẹ́rin pa pọ̀. Inú ò ráyè rọ̀. Káàdì játijàti tí ì bá jù sílẹ̀ nígbà tí orí ẹ̀ pé ló ń fi owó iléèwé ọmọ lé báyìí, kí ará Bùràsíìlì lè mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́.

Bí ẹ bá bá a wí, á ní Phil Hellmuth náà máa ń bínú. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí kò mọ ariwo Hellmuth nídìí káàdì. Ṣùgbọ́n Hellmuth gba ìdíje àgbà yẹn ní 1989. Fóònù tuntun ni tiwa ń gbà, torí ó ti fọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Tílẹ̀ bá mọ́, á ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa. Á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ yá òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, òun fẹ́ gba owó òun padà, ọkàn òun ti balẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní.