Ọ̀gá Oníkáàdì

Ẹni tó bá gba físà ní Sabon Gari, ní Kano, kì í tíì sọ fún pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀ tí Ọ̀gá Oníkáàdì á ti gbọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti jókòó sí pálọ̀ onífísà, ó ti tú pọ́ọ̀sì, ó sì ti tẹ́ káàdì mẹ́rin sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ ta wọ́ọ̀tì. Oyster ti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó jáde ní 2003. Nol ti Dubai. Cowry ti Èkó, tí wọ́n fi ń wọ BRT àti ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ẹ̀kẹrin, téèyàn bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, káàdì ìdìbò ni.

Kò sí àdúgbò tí kò ní irú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lè jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló bá a mú Oyster yẹn bọ̀. Ká má purọ́ mọ́ ọn ṣá, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé owó bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù di £1.75 ní 2023, pé bọ́ọ̀sì yòówù téèyàn bá tún wọ̀ láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni, àti pé iye kan wà tí wọn kì í yọ kọjá lóòjọ́, bó o tiẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kì í bi èèyàn ni ibi tó ń lọ.

Màmá kan ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìkókó ní Peckham. "Màmá, London Pass ni kẹ́ ẹ rà, ti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máa wo Tower of London, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Thames." Màmá bi í bóyá á gbé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wúkọ́. Káàdì ìgbafẹ́ ni London Pass, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. British Museum tó tún fi fa ojú màmá mọ́ra, ọ̀fẹ́ ni fún tonílé tàlejò. Ló bá ní kí wọ́n kúkú ra Travelcard tó dé gbogbo ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀.

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò dé Peckham.

Oníṣòwò aṣọ tó ń lọ Dubai náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, Nol Gold ni kẹ́ ẹ gbà, èèyàn ńlá ni yín." Ìlọ́po méjì owó Silver ni oní-Gold ń san, ibùdókọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ ń sọ̀ sí. Èyí tó tún wá pabanbarì ni pé metro Dubai kò gbà kí èrò kan gbé ju àpò méjì lọ: ńlá kan, kékeré kan. Ẹni tó fẹ́ di ẹrù aṣọ mẹ́wàá ní Deira, kí ló fẹ́ fi Gold ṣe?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Oníkáàdì pè é láti Lọ́ńdọ̀nù: "Ọ́ńkù, láti 2014 la ti ń fi káàdì báǹkì wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ níbí. Iye kan náà ni wọ́n ń yọ." Inú bí i gidigidi. "Káàdì báǹkì? Tí mo bá padà dé Kano, kí ni màá fi han àwọn èèyàn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àlejò kan tó ti Ìbàdàn wá ló ká a mọ́ kọ̀rọ̀. Ó ní káàdì wo ni wọ́n fi ń wo Kano. Kano kò ní. A Daidaita Sahu, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọba Gómìnà Shekarau mú wọ ìgboro, tó sì gba títì nígbà tí wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní 2013, owó ọwọ́ ló mọ̀, ẹ ó sì ti dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó jókòó. Ní oṣù Kìíní 2022, tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí KAROTA, àjọ ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà, ń gbà, ẹsẹ̀ ni gbogbo ìlú fi rìn, àtoníkáàdì àtaláìníkáàdì.

Àlejò ní òun fẹ́ rí kòtò aláró Kofar Mata, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498, àti Gidan Makama, ilé àtijọ́ tó di mùsíọ́mù nítòsí ààfin Emir. Bàbá bàbá Ọ̀gá Oníkáàdì wà lára àwọn tó bá ojú irin wá láti gúúsù lẹ́yìn 1912, tí òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún. Níbẹ̀ náà ni wọ́n bí òun sí. Ó yí fìlà. "Gidan Makama? Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó fi Hausa ná owó náà títí ó fi já ọgọ́rùn-ún náírà, ó sì bá àlejò wọ̀ ọ́, torí òun náà fẹ́ mọ ọ̀nà. Ní ẹnu ọ̀nà mùsíọ́mù, wọ́n ní kí wọ́n sanwó ìwọlé. Ó tọwọ́ bọ pọ́ọ̀sì.

"Ṣé ẹ ò ní ti ọjọ́ mẹ́ta?"