Ààrẹ Tó Ń Lọ

Láti Kétu dé Pobè, agbára káká ni ẹ ó fi rí ìlú tí kò ní ọ̀kan. Ààrẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n níbi òkú àgbà: àga rẹ̀ níwájú, báàgì awọ dúdú lábẹ́ abíyá. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ń bẹ nínú báàgì yẹn. Ó ń gbé e lọ sóko, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó ń gbé e wọ balùwẹ̀, èmi ò kúkú sí níbẹ̀.

Ẹ má pè é ní alágídí o. Kò sọ ọ́ rí pé òun ò ní lọ. Lílọ ló ń lọ. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ ìlú bá ti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wálé fún ìpàdé ńlá, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde, yóò wúkọ́, yóò ní: "Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ wá ẹlòmíì." Yóò wá jókòó, yóò dijú díẹ̀, yóò máa retí ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í pẹ́ dé, torí láti alẹ́ àná ló ti fi ẹja àti sódàbì ṣe àwọn tó máa bẹ̀bẹ̀ lálejò. Bàbá kan á béèrè ẹni tó tún mọ ọ̀nà bírò péréfẹ̀ bíi tirẹ̀. Ìyálọ́jà á kúnlẹ̀. Ààrẹ á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù lé lórí: "Ó dáa. Nítorí tiyín ni o."

Bí ẹ bá bi í léèrè pé sáà mélòó ló kù, Alákétu ni yóò fi dá yín lóhùn: ta ní í sọ fún ọba pé kó sọ̀ kalẹ̀? Ó mọ̀ọ́mọ̀ fo ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ oyè náà kiri ní Kétu, ilé tó bá jẹ tán á dúró de àwọn yòókù. Ní ti ẹgbẹ́ tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni akọ̀wé, ìyàwó rẹ̀ ni akápò.

Àwòrán Mathieu Kérékou, tó ti ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè Benin rí, ń bẹ lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ìbọn ni ọkùnrin yẹn fi gba ìjọba ní 1972. Ìpàdé àpérò oṣù kejì ọdún 1990 já agbára gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Nicéphore Soglo nà án nínú ìbò 1991, Kérékou sì gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n dìbò yàn án padà ní 1996. Ní 2006, òfin ní sáà méjì ti pé, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá àádọ́rin. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n tún òfin náà ṣe nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìjọba fún Boni Yayi. Nínú gbogbo èyí, ọdún 1996 nìkan ni Ààrẹ wa rí kọ́: "Ṣé ẹ rí i, wọ́n tún dìbò pè é padà! Ìgbà tó jẹ́ pé ẹ ṣì máa pè mí padà, kí ni mo ń lọ ṣe nílé?"

Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, iwájú ló máa ń jókòó sí. Nígbà tí eléfẹ̀ bá ń fi àwọn arọ̀mọ́pò kọrin, òun ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ó rò pé mérì ni wọ́n ń bá wí.

Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan ṣáájú àwọn abẹ̀bẹ̀ dìde. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Bàbá, a gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn ìsinmi yín." Ni gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́. Ààrẹ wo àwọn abẹ̀bẹ̀, àwọn náà ń wo ilẹ̀.

Ó dìde. Ó ní inú òun dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n lílọ lètò. Ó yẹ kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí yóò ṣètò bí òun yóò ṣe lọ. Wọ́n béèrè ẹni tí yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ náà.

Ó wúkọ́. "Bí ẹ bá ní kò sí ẹlòmíì, màá gbìyànjú."