Nígbà Tó Jẹ́ Igbó, Èmi Nìkan Ni Wọ́n Fi Í Sílẹ̀ Fún

Ẹ bá mi bi àwọn ẹbí mi léèrè: ta ló ni ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ igbó? Mo béèrè nígbà náà. Àgbà kan nínú wa ní tẹbí ni. Mo ní ó dáa, kí ẹbí dáwó, ká fi gba alágbàṣe. Ó ní tẹbí lòun wí, òun ò wí pé tòun ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ ní kí n lọ wá nǹkan gidi ṣe. Bí mo ṣe di onígbó nìyẹn.

Òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe òjò apá Ọ̀yọ́ tó ń rọ̀ tó ń dá. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, àfi bó bá di nǹkan bí oṣù kọkànlá kó tó gbà pé ó rẹ òun. Ohun tí mo bá ṣán láàárọ̀, kí n tó fọ àdá, ó ti ń yọrí. Mo bá èèkan níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó ń gún iṣu nínú ebè. Mo bá òkété tí wọ́n ti bí àrọ́mọdọ́mọ síbẹ̀, tí wọ́n ń wò mí bí àlejò. Mo bá ọ̀pẹ kan tó lalẹ̀ hù lójú ibi tí ilé ìdáná ìyá wa wà. Ọjọ́ tí mo gbé àáké sí i ni gbogbo ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Mo gbé àáké sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹyìn bá ti pọ́n lórí ọ̀pẹ yẹn, ọlọ́mọ bàbá kan á ti rán ẹni tó ń kọ ẹyìn wá. Èmi ni mo ń gbá imọ̀.

Àmọ́ ewé Akíntọ́lá ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí rárá. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti gúúsù rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí i. Láyé òyìnbó, ní 1937, wọ́n kó èso igi mẹ̀láínà láti Sílónì, tó di Sri Lanka lónìí, wá sí agbègbè Enúgu, èso èpò yìí sì fara pamọ́ sáàárín rẹ̀. Àwọn tó kó o wá ti gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti lọ sílé wọn. Èmi tí wọn ò tíì bí nígbà náà ni mo ń fẹ̀yìn san gbèsè rẹ̀. Akíntọ́lá takú ni àwọn bàbá wa ń pè é, ẹni tó bá sì gbọ́njú bá òṣèlú ìgbà Akíntọ́lá Prẹ́míà mọ̀ pé wọn ò purọ́ mọ́ ọn. Gómìnà yọ Prẹ́míà nípò ní 1962, ó ní òun ò lọ. Ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1963, wọ́n ní ìyọnípò náà bófin mu. N'Íbàdàn, wọ́n tún òfin kọ, ọ̀gá sì wà lórí àga rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo lè gbé ẹjọ́ tèmi lọ.

Mo ṣán an, ó sọ. Mo hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ọyẹ́ dé, èso rẹ̀ hu ìyẹ́, ó fò padà wálé láti ilẹ̀ aládùúgbò mi kan tó ń gbé Àbújá, tí kì í gbé fóònù. Tata fẹ́ràn òdòdó èpò náà púpọ̀. Wọ́n á jẹ oró inú rẹ̀ yó kí ẹyẹ má baà lè jẹ wọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọra rìn wá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ tí àdá ṣá mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu pé mo ń bá Akíntọ́lá jà. Ewé rẹ̀ ni ìyá àgbà ojúlé kejì já, tó fún omi rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ìyá ní kí n dúpẹ́. Mo ní lọ́wọ́ ta?

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fọ́n kẹ́míkà. Mo ti rà á! Oṣù kẹrin ọdún 2015 ló ba tèmi jẹ́. Ikú kan wọ Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ lóṣù yẹn tí kò ṣeé fi ṣàwàdà: orí á fọ́ èèyàn, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní pẹ́ tó fi máa lọ. Wọ́n ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tá a sin. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú torí àwọn ọ̀dọ́ tó já wọ ojúbọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó jọ pé oògùn apakoríko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde tán, ògógóró tó ní mẹtanọ́ọ̀lù nínú ni. Ṣùgbọ́n oògùn apakoríko ni ìyàwó mi kọ́kọ́ gbọ́, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ó gbé gálọ́ọ̀nù mi jáde nílé. Mo ṣàlàyé mẹtanọ́ọ̀lù títí ọ̀fun mi fi gbẹ; ó ní ṣé èmi ni mo wá mọ̀ ọ́n ju Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ. Bí mo ṣe ń retí pé kí ọ̀rọ̀ náà tutù, NAFDAC fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti oṣù kìíní 2024. Ó gé ìròyìn náà nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Àwọn alágbàṣe tó ń gba ògógóró kún owó iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ní ẹ̀rù ń ba àwọn báyìí, mínírà tútù làwọn fẹ́. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta mínírà.

Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá ní kí n gbin mùkúnà. Ó ní bí àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin ṣe rí èèkan pa nìyẹn láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980: á bo ilẹ̀, á ṣíji bo èèkan títí agbára rẹ̀ á fi pin, á tún fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé mùkúnà àti wèrèpè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Oríṣi tí mo gbìn kì í yúnni lára, àmọ́ ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn ìyá ọlọ́mọ! Èso rẹ̀ yọ, àdúgbò dàrú. Wọ́n ní bàbá kan ń sin wèrèpè lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fẹ́ fi ṣe. Wọ́n rán àgbààgbà sí mi. Mo já èso náà níwájú wọn, mo fi pa apá, mo fi pa ọrùn, mo ní ẹ wò ó, ṣé mo họra? Olórí wọn wò mí lójú, ó yíjú sí àwọn tó kù. Ó ní: “Ṣẹ́ ẹ rí i pé ó ti lo nǹkan sára?”

Ẹ jẹ́ n fò ó. Ilẹ̀ náà mọ́ níkẹyìn. Ewúro wà níbẹ̀, ẹ̀fìnrìn wà níbẹ̀, àgbagbà, ọsàn, ẹ̀gẹ́ tó tó sè. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé àwa tá a ni ín pọ̀. Ẹni tó ń já ewúro mi ní ìdájí á dìde dúró, á kí mi, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o,” á sì tún bẹ̀rẹ̀ padà sídìí ewúro. Ewúrẹ́ tí kò wọ ibẹ̀ rí nígbà tí koríko kún un ti wá mọ ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi Ajégúnlẹ̀ ní kí n fi ẹ̀gẹ́ yẹn ṣe púpúrú ránṣẹ́ sóun, kí n má jẹ́ kí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ìgbà tó kọjá korò lẹ́nu. Àgbà tó ní tẹbí ni, tí kì í ṣe tòun, ti mú ẹni tó ń wọn ilẹ̀ wá, wọ́n ti ri èèkàn sáàárín ọsàn. Ó ní ibẹ̀ tẹ́jú dáadáa, àbí mi ò rí i ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò bàbá mi pè láti Èkó. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ìyá wọn, ó ń béèrè iye kánópì tí ẹ̀yìnkùlé gbà, àti bóyá a lè gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ kí àwọn eléré lè rí ibi gbé gbohùngbohùn sí. Ó ní ẹbí ló ni ibẹ̀, àmọ́ òun ní kóun fi tó mi létí náà. Mo ní kò burú, kó máa bọ̀, kó tètè dé ṣáájú ọjọ́ náà, kó sì mú àdá tirẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni òun náà kì í gbé fóònù mọ́.