Bọ̀dá Ọ̀dọ́ Ń Wá Olùdarí

Ẹni tó bá ń gbé Woolwich tàbí Thamesmead tí kò tíì pàdé Bọ̀dá Ọ̀dọ́, á jẹ́ pé kì í lọ síbi ìkómọ ni. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ì bá ti funfun tipẹ́ bí kì í bá ṣe aró dúdú tó ń rà ní Plumstead High Street. Bàtà eré ìdárayá funfun ló máa ń wọ̀ sábẹ́ agbádá. Tó bá wà láàárín àwọn ọmọ, á máa fọ èdè wọn, á máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bíi ẹgbẹ́ ẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ ọdún 17 kan kí i láìdọ̀bálẹ̀, ojú ẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: “Ọmọ ta nìyẹn?”

Òun ni alága àjọ kan tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń darí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára báńà wọn nìyẹn. Àwòrán ọmọ mẹ́jọ ló wà lára báńà náà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Ọ̀dọ́ sì wà láàárín, òun ló tóbi jù.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn: ohun tó bí àjọ náà kì í ṣe irọ́. GLC, ìjọba London ayé ìgbà yẹn, ló kọ́ Thamesmead sórí ilẹ̀ àbàtà lẹ́bàá odò Thames. Lọ́dún 1968 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé, wọ́n sì ṣèlérí fún wọn pé ìlú ọjọ́ iwájú ni. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìlú ọjọ́ iwájú kò ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀. Elizabeth line tó dé lọ́dún 2022, Abbey Wood ló parí sí, èèyàn á tún wọ bọ́ọ̀sì kó tó délé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe síkiọ́rítì, ibo ni kó lọ nígbà tí ilé ìwé bá parí? Bọ̀dá Ọ̀dọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí kí ọ̀pọ̀ wa tó rí i. Ó gba gbọ̀ngàn kan, ó ra bọ́ọ̀lù, ìyàwó ẹ̀ se ìrẹsì. Ọlọ́run ló máa san án fún wọn. Ìgbà tí owó ìrànwọ́ àkọ́kọ́ wọlé ni nǹkan yí padà.

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín Thamesmead, Greenwich ní apá kan, Bexley ní apá kejì. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lè má rántí, Bọ̀dá Ọ̀dọ́ kì í gbàgbé. Nínú ìwé tó kọ sí Greenwich, ọmọ Greenwich ni gbogbo àwọn ọmọ náà. Nínú èyí tó kọ sí Bexley, ọmọ Bexley ni wọ́n. Ọmọ méjìlá kan náà ni o, bọ́ọ̀lù kan náà.

Ní báyìí, àwọn tó ń fún wọn lówó ti sọ pé dandan ni kí àjọ náà gba olùdarí àgbà tó ń gbowó oṣù, kó sì jẹ́ ọ̀dọ́. Bọ̀dá Ọ̀dọ́ kò jiyàn. Ó jókòó, ó kọ ìpolówó iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ọjọ́ orí: 18 sí 25. Ìrírí: ọdún 10 nípò ìdarí, ó kéré tán. Owó: ti ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Àkókò iṣẹ́: ìgbàkígbà tí alága bá pè. Kó ní mọ́tò tirẹ̀, torí àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wúwo. Kó ní ìrẹ̀lẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ló fi kọ ìyẹn. Ó wá fi ìpolówó náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn bàbá ìjọ, níbi tí ẹni tó kéré jù ti ń lo awò ìkàwé.

Síbẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló jáde. Bọ̀dá Ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì n'Íjẹ̀bú-Òde, àti àbúrò ìyàwó ẹ̀ tó jẹ́ akápò ló jókòó láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Aṣojú àwọn ọ̀dọ́ náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan. Òun ni wọ́n ní kó máa ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ọmọ ọdún 16 lè jẹ́ alámòójútó gidi nínú irú àjọ wọn yẹn, kó jókòó, kó dìbò, kí ìbò ẹ̀ sì bá ti alága dọ́gba. Bọ̀dá Ọ̀dọ́ mọ òfin náà dáadáa. Ìdí tí ọmọ náà fi wà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ti ẹni àkọ́kọ́ kò pẹ́. Wọ́n bi í pé ọmọ ìlú ibo ni, ó dáhùn, wọ́n rántí pé bàbá ẹ̀ ló bá wọn jà nípàdé ìlú, ó tán. Ẹnì kejì kò béèrè nǹkan kan, kò sì mọ nǹkan kan; inú gbogbo wọn dùn sí i, àfi ìgbà tó ní òun ti ríṣẹ́ sí báńkì, ìyá òun ló ní kóun wá.

Ẹnì kẹta ni ọmọbìnrin ọdún 23 kan, Thamesmead ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, “Ẹ káàsán, sà.” Ojú Bọ̀dá Ọ̀dọ́ rọ̀. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jókòó. Bí a bá gbà ọ́, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?”

“Màá fẹ́ rí ìwé ìṣirò owó ọdún tó kọjá, sà.”

Akápò wúkọ́.

“Lẹ́yìn náà, sà, alẹ́ Fúráìdé ló yẹ ká máa ṣí gbọ̀ngàn yìí. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ máa ń wà níta. Sátidé la ń ṣí i báyìí, ìnáwó ni wọ́n sì ń fi ṣe. Ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún yín gan-an, ibí yìí la ti ṣe é, sà. Èmi wà lára àwọn tó gbé oúnjẹ.”

Ọ̀rẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù ẹ̀. Bọ̀dá Ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ dáadáa ni, ó ní ilé kọ́ ọ. Ó wá fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n ṣó o rí i, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.” Ibẹ̀ ló ti dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ kó dé ibi tí ọwọ́ àgbà ò ti wọ kèrègbè.

Tí ẹ bá bá a wí, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni yóò fi dá yín lóhùn. Ó ní ṣebí Ṣólàńkẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé nígbà tó bá wọn dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní London lọ́dún 1925, òun náà ló sì jẹ́ akọ̀wé àgbà wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ Ṣólàńkẹ́ kúrò nílùú yìí lọ́dún 1929, ó ń ti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di 1932, ó ń ṣagbe owó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ríbi sùn. Lọ́dún 1933 wọ́n ṣí ilé náà ní Camden. Ti Bọ̀dá Ọ̀dọ́, láti Thamesmead sí Woolwich ni ìrìn-àjò tiẹ̀ mọ, owó epo tó sì kọ sílẹ̀ fún un á gbé mọ́tò dé Ìbàdàn.

Owó epo yẹn ṣe pàtàkì. Alámòójútó àjọ aláàánú kò lè ṣàdédé sọ ara ẹ̀ di òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀. Àfi tí ìwé òfin àjọ náà bá gbà á láyè, tàbí kí Charity Commission tàbí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i. Kéèyàn kọ̀wé fipò sílẹ̀ lálẹ́ kó lè gbaṣẹ́ láàárọ̀ náà kò ní kí wọ́n má béèrè ẹni tó wà nídìí tábìlì nígbà tí wọ́n ń gé owó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi owó ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ àjọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà. Ẹnu ibẹ̀ ni Bọ̀dá Ọ̀dọ́ gbà wọlé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tóótun nínú àwọn mẹ́ta, nítorí náà, kí iṣẹ́ Ọlọ́run má baà dúró, alága gbà láti ṣe adelé olùdarí. Kò gba owó oṣù. Owó epo ni, owó fóònù ni, owó oúnjẹ ọ̀sán ni.

Ọmọbìnrin yẹn ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ọmọ ọdún 16 yẹn ṣì ń ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lára báńà, orúkọ àwọn alámòójútó àjọ aláàánú tó bá ti forúkọ sílẹ̀ wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ Charity Commission. Iye tó wọlé àti iye tó jáde lọ́dọọdún náà wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ wò ó kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé àga kan wá fún ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.