Ojú Ni Mo Fi Ń Ra Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọgbọ́n ṣe ń fi ènìyàn sílẹ̀ lójú ọjà, kó wá wò mí níwájú gíláàsì tí wọ́n to fóònù sí. Iṣu kan ṣoṣo, mo máa ń yí i padà yí i bọ̀, mo máa ń fi èékánná họ ìdí rẹ̀, mo sì máa ń bá ìyá oníṣu jiyàn bí ẹni pé ilẹ̀ bàbá mi ló fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n fóònù tí owó rẹ̀ ju owó-oṣù méjì ẹni tó ń gba ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó-oṣù tó kéré jù lọ́dún 2024, páálí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń kà. Nọ́ńbà tó bá tóbi jù lára páálí ló ń rà mí, kì í ṣe èmi ló ń ra fóònù. Mo ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: gbogbo ohun tí ọjà fi ń pè wá ló ń dán ní wákàtí kìíní, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fóònù owó ìwọ̀nba, ọdún kẹta ló ń fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Ọdún kẹta yẹn ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n, kódà bó bá tilẹ̀ dójú ti àwa tí a fẹ́ràn páálí.

Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ ń gbé mi ṣubú. Bí páálí kan bá kọ 50, tí èkejì kọ 108, n kì í béèrè ohun tí 108 náà jẹ́. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé 108 ju 50 lọ. Ohun tí wọn kì í kọ gàdàgbà ni pé kámẹ́rà oní-108 mẹ́gápíkísẹ̀lì máa ń pa ojú kéékèèké mẹ́sàn-án pọ̀ di ẹyọ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o, àwòrán tó sì sábà máa ń bọ́ síta jẹ́ 12. Oní-50 ń pa mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, òun náà ń já sí 12 àti díẹ̀. Ojúlé kan náà ni àwọn méjèèjì ń darí sí. Apple lo 12 fún olórí kámẹ́rà ẹ̀yìn láti iPhone 6s ọdún 2015 títí dé iPhone 14 ọdún 2022, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lóde àríyá. Bí awo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bóyá kámẹ́rà ní ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbígbọ̀n ba àwòrán jẹ́, bó ṣe mọ ara dúdú yà lábẹ́ iná alẹ́: ìwọ̀nyí ló ń ya kámẹ́rà sọ́tọ̀, kò sì sí èyí tó ṣeé kọ ní nọ́ńbà gbàgàdà. Wọ́n lè dá mi lóhùn pé nọ́ńbà ńlá kì í ṣe irọ́, pé nínú oòrùn, ẹni tó bá lo gbogbo 108 lè gé àwòrán rẹ̀ kékeré kó má sì ṣú. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ni nínú wa tó ń gbé àwòrán lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sára pátákó? WhatsApp ni tiwa ń gbà lọ, WhatsApp á sì ti rún un mọ́lẹ̀ kó tó kúrò lÉkòó. Ní ti ojú kámẹ́rà kékeré oní-2 tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù kó lè pé mẹ́ta, mo kàn ń dúpẹ́ pé kì í gba owó-orí.

Ẹni tó bá rò pé ìṣirò kámẹ́rà yìí á ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, kó gbọ́ bí mo ṣe ń ka RAM. Wọ́n á kọ 16GB sára páálí, wọ́n á wá fi lẹ́tà tó kéré bí èèrà kọ 8+8 sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni RAM. Mẹ́jọ kejì jẹ́ ibi ìpamọ́ tí fóònù ń yá lò bí àyè bá há, ibi ìpamọ́ sì lọ́ra ju RAM lọ jìnnà. Kì í ṣe pé kò wúlò rárá, nítorí ó lè mú kí ààpù kan má tètè kú lẹ́yìn nígbà tí òmíràn bá ṣí. Ṣùgbọ́n èmi á fi 8 kún 8, inú mi á sì dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ibi ìpamọ́ gan-an tí wọ́n ti ń yá a ló yẹ kí n bi wọ́n léèrè. Ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, ti ìjọ, ti àwọn tí a jọ jáde iléèwé, ti àwọn onílé àdúgbò, gbogbo wọn ló ń da fídíò òkú, ìkómọjáde àti ìwàásù sórí fóònù láràárọ̀. 64GB kì í pẹ́ kún lọ́wọ́ irú wa, 128 ló yẹ kí ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi káàdì mẹ́mọ́rì tàn yín láìwo ilé tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀: nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ihò síìmù kejì náà ni ti káàdì. Ẹni tó ń fi síìmù kan pè, tó ń fi èkejì ra dátà, kò lè lo káàdì yẹn láéláé.

Ọ̀rọ̀ bátìrì gba kí n fìdí kalẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gọ̀ jù. Ó ti pẹ́ tí 5000 mAh ti di ti gbogbo ayé láàárín fóònù owó ìwọ̀nba, síbẹ̀ bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ti pè é, màá mi orí bí ẹni gbọ́ àṣírí. Nọ́ńbà tí gbogbo wọn jọ ní kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ohun méjì ló ń yà wọ́n: bí wọ́n ṣe ń yára gba iná, àti bí wọ́n ṣe ń darúgbó. Ní ti yíyára, ọjà jàre díẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Níbi tí NEPA ti lè mú iná wá fún wákàtí kan lóru, fóònù tó ń gba 45W lè kún tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tí èyí tó ń gba 25W ṣì ń wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀tá bátìrì lítíọ́mù, àwa sì ni ọ̀gá nínú ooru: a ń ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí pẹ̀lú wáyà lẹ́nu, a ń gbé e síwájú mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, a ń wo fídíò lórí rẹ̀ bó ṣe ń jẹ iná lọ. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí bátìrì fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà lọ́hùn-ún lè gba iná ní ìgbà 800, kí ó sì ṣì máa gbé 80 nínú 100 agbára rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń lo odindi bátìrì kan lójúmọ́ yóò pé 800 ní ọdún méjì ó lé díẹ̀. Ẹni tó ń lo méjì lójúmọ́, bíi àwa tí a ń fi fóònù ṣe rédíò, tọ́ọ̀ṣì, báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí kì í wá sí mi lẹ́nu ni pé, bí bátìrì yìí bá rẹ̀, ibo ni mo ti máa rí òmíràn tó jẹ́ ojúlówó? Níbí, fóònù tó wọ́pọ̀ máa ń borí fóònù tó dára jù ú lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Tecno, Infinix àti itel ní Carlcare tó ń tún wọn ṣe. Ti Samsung náà, kò sí ẹ́ńjíníà kan ní Computer Village, Ìkẹjà, tí kò tíì tú inú wọn rí. Fóònù àjèjì tí orúkọ rẹ̀ wuyì, tí èèyàn mẹ́ta ń lò ní gbogbo ìpínlẹ̀, bátìrì rẹ̀ á di ohun àwátì.

Àpídéètì ni ìdí kejì tí mo fi ń pariwo ọdún kẹta. Samsung Galaxy A16, tó jáde ní ìparí ọdún 2024, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó rí mọ́ wa lára: ojú rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 6.7, ó jẹ́ AMOLED tó ṣeé kà nínú oòrùn ju ọ̀pọ̀ fóònù irú owó rẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣèlérí àpídéètì Android àti ti ààbò fún ọdún 6. Ìlérí yẹn kò sí nínú fóònù ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní àpídéètì ń jẹ dátà, ó sì ń mú fóònù lọ́ra, pé àwọn ti pa tiwọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú ẹnu gbangba. Ṣùgbọ́n fóònù tí ilẹ̀kùn ààbò rẹ̀ ti ń jò lọ́wọ́ olè ni ààpù báńkì wa ń gbé, bí Android bá sì ti gbó jù, àwọn ààpù fúnra wọn ló ń kọ̀yìn sí i. WhatsApp kọ̀yìn sí Android 4.4 ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ibi tí àtakò náà ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni pé ìlérí ọdún 6 lórí fóònù tó ní RAM 4GB péré dà bí ìlérí tí wọ́n ṣe láìbi ẹni tó máa gbé e léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìlérí yẹn tán, kó fi díẹ̀ kún owó kó mú ti 6 tàbí 8.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó gbọ́n jù mí lọ á ní kí n fi gbogbo èyí sílẹ̀, kí n lọ ra tòkunbọ̀ iPhone. Ọ̀rọ̀ wọn kò yẹ̀: ọpọlọ fóònù ńlá ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣì lè yára ju ti fóònù owó ìwọ̀nba òní lọ, kámẹ́rà rẹ̀ sì lè dára jù ú. Àmọ́ ọdún kẹta ta ni a ń sọ? iPhone XR jáde lọ́dún 2018. Nígbà tí iOS 26 dé lọ́dún 2025, kò gba XR wọlé mọ́. Ẹni tó ra XR tòkunbọ̀ lọ́dún yẹn bẹ̀rẹ̀ eré ìje níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń gba omi mu lọ sílé. Bátìrì rẹ̀ ti gba iná lọ́wọ́ àjèjì, ojú rẹ̀ lè má jẹ́ ojú tí wọ́n bí i, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì òkè òkun kan sì lè ti í pa mọ́ síìmù tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò lè rí èyí tó dáa. Ẹni tó ń ka páálí, bíi tèmi, tòkunbọ̀ kì í tilẹ̀ ní páálí tó máa kà.

5G kò gba ariwo púpọ̀. MTN bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Airtel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tí ilé àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá wà níbi tó ti dé, kó rà á. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, owó ibi ìpamọ́ àti RAM ló ń fi ra àmì ojú fóònù.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó ní òun kò lówó ọdún kẹta lọ́wọ́, tòní ni òun ń wá. N kò lè fi ìyẹn ṣeré, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni owó fóònù ti ń sá fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ká ní fóònù kan jẹ́ ₦180,000, tó sì rẹ̀ pátápátá lẹ́yìn oṣù 18, ₦10,000 ló ń jẹ lóṣù. Ká ní èkejì jẹ́ ₦240,000, tó sì lo ọdún mẹ́rin, ₦5,000 ló ń jẹ lóṣù. Ẹni tí owó há mọ́ lọ́wọ́ gan-an ni ọ̀wọ́n ń dùn jù nínú ìṣirò yìí, bó ti wù kó ṣòro tó láti rí ₦60,000 tó fi yàtọ̀. Bí kò bá sì ṣeé rí, kí ẹni náà mú èyí tó rọjú nínú fóònù tó wọ́pọ̀, tí bátìrì rẹ̀ wà nígboro, kó sì gbàgbé 108.

Wọ́n á tún ní fóònù kì í ṣe irinṣẹ́ lásán, ẹ̀yẹ ni, pé ó yẹ kí ó wu ojú. N kò ní àtakò sí ìyẹn, ojú mi náà ń fẹ́ ẹ̀yẹ. Mo lè dúró níwájú gíláàsì pẹ́ títí, kí n máa yan láàárín àwọ̀ búlúù òkun àti àwọ̀ ewé tó ń dán, kí n pe ọ̀rẹ́ sí i, kí n bínú sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé búlúù ti tán. Kí n tó sọdá títì, màá ti ra pọ́ọ̀ṣì dúdú tó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà.